Bí Mo Ṣe Rí Ọtí Tí Baálẹ̀ Abẹ́-Ọ̀pẹ Kò Tọ́ Wò Rí

Ẹ gbé igbá yín sílẹ̀ ná. Mo mọ̀ pé ó ń dùn mọ́ yín lẹ́nu, mo sì mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, ìfófòó orí rẹ̀ yóò wọlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń mu ohun tí kò mọ bó ṣe délé, àlejò ni nínú ilé ara rẹ̀. Ẹ wo inú igbá yín dáadáa. Ó funfun, ó ń hó, ó ń ta èèyàn nímú. Kò sí tálákà tí kò lè rà á, kò sì sí olówó tó lè kó o pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀. Ẹmu lẹ ń pè é. Ta ló mú orúkọ náà wá? Ẹ ń wo ara yín! Èmi ni. Èmi Ọdẹ́gbàmí Àrẹ̀mú, ọdẹ tí ẹfọ̀n rí tó ya ọ̀nà fún, ọdẹ tó jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ nìkan ló lè lé e wọlé. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, kó gbé igbá tirẹ̀ wá kí n bá a mu ún, kí òun máa mu omi lọ.

Nígbà tí mò ń sọ yìí, irùngbọ̀n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni. Ọ̀pẹ ló yí ìlú wa, Abẹ́-Ọ̀pẹ, ká. À ń fún epo rẹ̀, à ń fi ṣe ìgbálẹ̀, à ń fi imọ̀ rẹ̀ bo ilé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọtí wà nínú rẹ̀. Baálẹ̀ wa nígbà náà ni Ọ̀jẹ́lékè, àgbàlagbà tó sanra, tó rí já jẹ, tó sì fẹ́ràn ọtí bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn ẹran. Ó ti mu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí wọ́n fi àgbàdo ṣe, ó ti mu àgàdàgídí tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n ṣe, ó ti mu ọtí bàbà, ó sì ti mu ògùrọ̀ tí àwọn ará etí odò ń dá lára igi ògùrọ̀, tí kì í ṣe ọ̀pẹ. Nígbà tó yá, ó ní gbogbo wọn ti sú òun. Ó wá ku ọtí inú ìgò tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé wá láti ìlú òyìnbó, èyí tó wọ́n bí ojú. Bó bá mu ún tán, a tẹ́ ìgò rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tó ń kọjá lè mọ irú ilé tí òun ń gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Baálẹ̀ yìí ló bí Àwẹ̀ró. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ bí Àwẹ̀ró ṣe rí nígbà náà, nítorí ó wà nínú ilé báyìí, ó sì ń gbọ́ mi. Èmi ń fẹ́ ẹ, Délànà oníṣòwò ọtí ìgò náà ń fẹ́ ẹ. Ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wa. Àwẹ̀ró mọ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwa tí à ń wá a, kò sẹ́ni tó gba “ẹ” lẹ́nu rẹ̀ rí. “Ìwọ” ni Délànà pẹ̀lú gbogbo aṣọ àrán rẹ̀, “ìwọ” lèmi náà pẹ̀lú ìbọn mi. Bí wọ́n bá bi í léèrè, a ní, “Ọkọ mi nìkan ni n ó pè ní ‘ẹ’. Ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ẹ lọ máa gún iyán ìgbéyàwó.”

Ní ọjọ́ kan, Baálẹ̀ pe èmi àti Délànà síwájú àwọn àgbà. Ó ní, “Ẹ̀yin méjèèjì ti fi ẹsẹ̀ lu ojú ọ̀nà ilé mi títí ó fi dán. Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹni tó bá gbé ọtí tí ẹnu mi kò tọ́ wò rí wá kí ọdún ìjẹṣu tó kọjá, òun ni àna mi. Bí kò bá sí, n ó fi ọmọ mi fún Baálẹ̀ Òkè-Ìṣàn tó ti ń bẹ̀ mí láti ọjọ́ yìí.” Ẹ̀rù bà mí. Baálẹ̀ Òkè-Ìṣàn ti darúgbó, ìyàwó sì ti kún ilé rẹ̀ dẹ́nu. Délànà rẹ́rìn-ín, ó ní òun yóò ránṣẹ́ sí Èkó. Èmi kò lẹ́nìkan ní Èkó. Bí mo ṣe ń jáde, Àwẹ̀ró dúró dè mí lẹ́bàá àgbàlá.

Ó ní, “Ìwọ ọdẹ, ibo lo ń lọ?”

Mo ní, “Inú igbó.”

“Ṣé inú igbó ni wọ́n ti ń ta ọtí?”

“Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.”

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, “Má pa òwe fún mi. Bí o bá pẹ́, Òkè-Ìṣàn ni wàá ti wá kí mi.” Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára ju ọta lọ. Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò àti akèrègbè òfìfo méjì, ó di ọ̀nà.

N kò ní fi bí mo ṣe jẹun àti bí mo ṣe sùn dá yín dúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọtí. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọtí dídùn kò sí àfi nínú ìgò, ẹ rìnrìn-àjò! Kò sí abúlé tí mo dé tí wọn kò ní tiwọn, owó pọ́ọ́kú ni, ó sì dùn ju ohun tí Délànà ń rù káàkiri lọ. Ní ìpàdé ọ̀nà kan, mo bá ìyá arúgbó kan tó jókòó ti ìkòkò ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Mo mu igbá kan, ọkàn mi balẹ̀. Mo mu èkejì, mo gbàgbé pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, irú èyí kò tíì dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ Abẹ́-Ọ̀pẹ rí, àbí?”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìdí ìkòkò mú. “Ọ̀jẹ́lékè? Orí ìjókòó tó wà lábẹ́ rẹ yẹn ló sùn sí. Ó mu tèmi títí ó fi ń pe ajá mi ní àbúrò rẹ̀. Aládùúgbò mi tó ń ta àgàdàgídí lọ́hùn-ún, ó ti mu tòun náà, ó sì gbàgbé fìlà rẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ mi, Ọ̀jẹ́lékè nígbà èwe rẹ̀ kò fi ìkòkò kankan sílẹ̀.”

Inú mi bàjẹ́. Mo rò ó pé èmi ti gbé Àwẹ̀ró fún Òkè-Ìṣàn nìyẹn. Ìyá rí ojú mi, àánú mi ṣe é. Ó ní, “Ọ̀kan ló kù. Ó wà nínú Igbó Eṣinṣin. Wọn kì í lọ̀ ọ́, wọn kì í sè é, òkè ló ti ń kán bọ̀ wálẹ̀. N kò rí ẹni tó ti ibẹ̀ bọ̀ rí, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, atẹ́gùn a gbé òórùn rẹ̀ wá, gbogbo oníbàárà mi a sì dákẹ́.” Mo dúpẹ́. Mo yà lọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀, mo bu àgàdàgídí kún akèrègbè kan, nítorí ọdẹ kì í lọ sí ibi tí kò mọ̀ lọ́wọ́ òfo. Mo sì kọjú sí igbó náà.

Igbó yẹn kò rí bí igbó tiyín tí ẹ ti ń pa ọ̀kẹ́rẹ́ o. Igi ibẹ̀ a máa kẹ́dùn bí ẹni tí oorun ò tó. N kò tíì wọ̀ ọ́ jìnnà tí nǹkan kan fi rọ́wọ́ mú mi lẹ́yìn ọrùn, tó gbé mi sókè bí adìyẹ, tí ìbọn mi sì bọ́ sínú igbó. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí abàmì ẹ̀dá kan tó ga tó àjà ilé, ẹnu kan wà níwájú rẹ̀, ẹnu kan sì wà ní ìpàkọ́ rẹ̀. Ẹlẹ́nu-Méjì lorúkọ rẹ̀. Ẹnu iwájú ní, “Èmi ni n ó jẹ ẹ́.” Ẹnu ìpàkọ́ ní, “Ìwọ lo jẹ ti àná!” Bí ìjà ṣe dé láàárín ẹnu méjì tó ní ikùn kan náà nìyẹn. Mo sọ fún ara mi pé, Ọdẹ́gbàmí, ibi tí ìjà bá ti wà ni àyè ìsọ̀rọ̀ wà.

Mo ní, “Ẹ̀yin ẹnu, ẹ jẹ́ kí n pa àlọ́ kan fún yín. Ẹnu tó bá túmọ̀ rẹ̀ ni kó jẹ mí. Kí ló ń wọlé láìsọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé bó bá wọlé tán, onílé kò ní lè pa ẹnu rẹ̀ dé mọ́?”

Ẹnu iwájú ní, “Olè ni.” Ẹnu ìpàkọ́ ní, “Àna ni.” Mo ní ẹnu kankan kò mọ̀ ọ́n, mo sì tú ẹnu akèrègbè àgàdàgídí. “Ẹ tọ́ ọ wò, ẹ ó mọ̀ ọ́n.” Iwájú mu, ìpàkọ́ mu. Wọ́n ní kò tíì yé wọn, wọ́n tún mu. Kò pẹ́ tí ẹnu méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í yin ara wọn, tí ìpàkọ́ ń tọrọ àforíjì ẹran tó jẹ lọ́dún tó kọjá, tí iwájú sì ń sunkún. Ọwọ́ wọn rọ̀, mo jábọ́. Nígbà tí wọ́n ń hanrun, mo ké sí wọn láti òkèèrè pé, “Ọtí ni!”

Mo rìn títí mo fi dé ibi tí ọ̀pẹ kan dá dúró sí. Igbá ńlá kan wà lábẹ́ rẹ̀, nǹkan funfun ń kán sínú rẹ̀ láti òkè, eṣinṣin sì ṣù bò ó. Òórùn tó gba imú mi mú kí itọ́ kún mi lẹ́nu. Ọmọdé kan jókòó ti igbá náà, ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ. Mo ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ta ló fi ọ́ sílẹ̀ nínú irú igbó yìí? Gbé igbá yẹn wá kí n tọ́ ọ wò.” Ọmọ náà kò mira. Ó ní, “Pe orúkọ ọtí mi kí o tó mu ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fún ọ. Bí o bá kùnà, wàá di eṣinṣin bíi tàwọn arìnrìn-àjò tó ṣáájú rẹ.” Mo wo àwọn eṣinṣin náà. Ọ̀kan bà lé ọwọ́ mi, ó ń fi ọwọ́ pa ọwọ́ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

Mo ní, “Ògùrọ̀ ni.” Ó ní, “Ẹ̀ẹ̀kan.” Mo ronú, mo làágùn. Mo ní, “Omi ọ̀pẹ ni.” Ó ní, “Ẹ̀ẹ̀kejì.” Mo ti ń gbọ́ tí etí mi ń hó, tí ó ń ṣe mí bí ẹni pé ìyẹ́ ń hù mí léjìká. Mo tẹ orí ba nítorí ìtìjú, àṣé orí títẹ̀ ló máa gbà mí. Ọdẹ ni mí. Bí mo bá ti wolẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni mò ń wò. Mo rí ẹsẹ̀ “ọmọdé” náà nínú erùpẹ̀: gìgísẹ̀ rì jinlẹ̀, ọmọ ìka fẹ́rẹ̀ẹ́ má tẹ ilẹ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ihò ọ̀pá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni! Ojú lè purọ́ fún ọdẹ, ẹsẹ̀ kì í purọ́. Ìyẹn ni pé láti àárọ̀ ni mo ti ń sọ “ìwọ” sí ẹni tó lè bí bàbá bàbá mi.

Mo rò ó pé bí n ó bá tilẹ̀ di eṣinṣin, n kò ní di eṣinṣin aláìlẹ́kọ̀ọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo dìde lórí eékún, mo bu ọtí náà sínú igbá kékeré, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Mo ní, “Bàbá, ẹ forí jì mí. Ojú yín ló tàn mí. N kò mọ orúkọ ọtí yín, ṣùgbọ́n ẹnu ọmọdé kì í ṣáájú ti àgbà nídìí ọtí. Ẹ mu.”

Bàbá náà fò dìde. Ó ní, “O pè é!”

Mo ní, “Kí ni mo pè?”

“Ẹmu!”

“Ẹ kúkú mu ún, bàbá, n kò dá yín dúró.”

“Orúkọ rẹ̀ nìyẹn, ìwọ ọdẹ yìí! Ẹmu! Gbogbo àwọn tó wá síbí, ojú ọmọdé ni wọ́n wò, wọ́n ní ‘gbà, mu’, wọ́n ní ‘gbé e wá kí n mu’. Kò sí ẹni tó bọ̀wọ̀ fún mi, nítorí náà kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ kan orúkọ náà.” Ó rẹ́rìn-ín títí èrìgì rẹ̀ fi hàn, eyín kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí eṣinṣin ń bọ́ sínú igbá yín, ẹ má máa bú wọn mọ́. Ẹ rọra yọ wọ́n. Àwọn ará wa ni, wọ́n ṣì ń wá àgbà tí wọn yóò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

A jọ mu. N kò mọ bí n ó ti ṣàlàyé adùn náà, ọ̀fun mi nìkan ló lè jẹ́rìí. Lẹ́yìn náà, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi igbà gun ọ̀pẹ, bí wọ́n ṣe ń dá a lu lábẹ́ imọ̀, bí wọ́n ṣe ń fi oparun tẹ́ẹ́rẹ́ darí omi rẹ̀ sínú akèrègbè. Ó fún mi ní igbà tirẹ̀. Ó ní, “Ọ̀wọ́n kò lè bá ọtí yìí, nítorí kò gbà kí wọ́n tì í mọ́lé. Òwúrọ̀ ló ń dùn, ìrọ̀lẹ́ ló ń le, bó bá pẹ́ jù, ó kan. Ẹni tó bá ní in gbọ́dọ̀ pe ẹlòmíràn wá mu ún.”

Mo bu ẹmu kún akèrègbè mi kejì, mo fi ewé dí i lẹ́nu pinpin kó má baà dànù, mo dorí kọ ilé pẹ̀lú orin. Ẹ gbọ́ bí ayé ṣe rí! Ẹlẹ́nu-Méjì ti jí. Orí ń fọ́ ọ, inú sì ń bí ẹnu méjèèjì. Ó gbá tẹ̀ lé mi, mo sáré, akèrègbè ń mì lẹ́yìn mi, ẹmu ń ru nínú rẹ̀, ó ń hó, ó ń wú. Ọwọ́ Ẹlẹ́nu-Méjì ti kan èjìká mi nígbà tí akèrègbè náà bú gbàmù! Ìró rẹ̀ ju ti ìbọn mi lọ. Ìfófòó bo abàmì náà lójú, ẹnu méjèèjì ké “yéè” lẹ́ẹ̀kan náà, ó yí padà, ó sì sá wọgbó lọ. Mo bọ́ lọ́wọ́ ikú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ẹ̀yìn mi, àfọ́kù akèrègbè nìkan ló kù. Mo jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, mo sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ọdẹ tí ẹfọ̀n ń yà fún, mo sunkún nítorí Àwẹ̀ró.

Mo wọ ìlú nígbà tí ọdún ìjẹṣu ku ọ̀la. Délànà ti to ìgò síwájú Baálẹ̀, Baálẹ̀ sì ń tọ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. “Mo ti mu èyí. Èyí náà ni ti èṣí, ìwé ara rẹ̀ nìkan ni wọ́n pààrọ̀.” Ó ku ìgò kan ṣoṣo, èyí tí Délànà ń tọ́jú di ọjọ́ ọdún gan-an. Wọ́n rí mi, aṣọ mi ti ya, ọwọ́ mi ṣófo, àfi igbà tó wà léjìká mi. Délànà ní, “Ọdẹ, okùn lo lọ rà ni, àbí o fẹ́ pokùn so?” Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ń wo ilẹ̀.

Bí mo ṣe gbé ojú kúrò lára wọn nítorí ìtìjú, ojú mi bá gun òkè. Ọ̀pẹ kan wà ní ẹ̀yìnkùlé Baálẹ̀, ibi tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́. Ìrètí mi sọ jí! Mo ní, “Bàbá, ẹ fún mi di òwúrọ̀ ọ̀la, ẹ sì jẹ́ kí n gun ọ̀pẹ yín.” Baálẹ̀ ní, “Gùn ún. Ẹni tí kò lọ́tí, kó máa gun igi.” Mo gbé igbà wọ̀, mo gùn ún, mo dá a lu bí bàbá inú igbó ṣe kọ́ mi, mo gbé akèrègbè tí mo yá nílé Baálẹ̀ kọ́ ọ, mo sì sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, akèrègbè ti kún, ó ń fófòó. Èmi ni mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò níṣojú gbogbo wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé kò sí oró nínú rẹ̀. Mo wá kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá fún Baálẹ̀.

Baálẹ̀ ní, “Kí lorúkọ rẹ̀?”

“Ẹmu, bàbá.”

“N ó mu ún, má kán mi lójú. Orúkọ rẹ̀ ni mo bi ọ́.”

“Ẹmu.”

“Ọ̀dọ́kùnrin yìí, ṣé ìwọ ni yóò pàṣẹ fún mi nínú ilé mi?”

“Ẹmu ni, bàbá! Orúkọ rẹ̀ ni ẹmu!”

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín títí fìlà fi ń bọ́. Baálẹ̀ mu. Ó tún mu, ó gbé igbá náà dà sẹ́nu títí ìdí rẹ̀ fi ń wo ọ̀run, ó gùnfẹ̀ kan tó mi ewúrẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó ní, “Ẹnu mi kò tọ́ èyí wò rí. Ibo ló ti wá?” Mo nawọ́ sí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé. Àgbàlagbà náà dìde, ó fi ọwọ́ kan ara igi náà, ó ní, “Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà! Láti ọjọ́ tí mo ti jẹ Baálẹ̀ ni mo ti ń so ewúrẹ́ mọ́ ọtí, tí mò ń ránṣẹ́ sókè òkun.” Wọ́n ṣí ìgò tó kù. Baálẹ̀ fi ahọ́n kàn án, ó ní òun ti mu ún nílé àna òun rí. Kí a tó ṣẹ́jú, Délànà fúnra rẹ̀ ti gbé igbá tirẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́! Mo bu fún un kún dẹ́nu, nítorí bàbá inú igbó ní kí n má tì í mọ́lé.

Nínú ariwo yẹn ni Àwẹ̀ró jáde láti inú ilé. Ó gba igbá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó bu ẹmu sínú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ yọ eṣinṣin kan tó bà lé etí igbá náà kúrò jẹ́jẹ́. Ó wá síwájú mi. Ọmọbìnrin tó ń pè mí ní “ìwọ” láti ìgbà tí a ti ń ṣeré nínú iyanrìn, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó gbé igbá náà sókè sí mi. Gbogbo ilé ń retí ohun tí yóò sọ.

Ó ní, “Ẹ mu.”

Ariwo sọ, obìnrin kan sì ti ké pé kí wọ́n gbé odó iyán wá. Ṣé orúkọ ọtí náà ni Àwẹ̀ró pè ni, àbí èmi ni ó pè bí obìnrin ṣe ń pe ọkọ rẹ̀? Ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé yẹn ti gbó, a ti gbin òmíràn, n kò sì tíì bi í léèrè títí di òní. Mo gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, mo mu ún tán. Ó yá, ẹ gbé igbá tiyín náà. Ẹ mu.